Ọwọ́ Dí, Etí Ò Dí

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́, èwo ni ọmọ lè jókòó tì wá nídìí rẹ̀, kó máa sọ̀rọ̀, ká sì máa gbọ́ ọ? Mi ò ní ká dá iṣẹ́ dúró nítorí rẹ̀ o. Ta ló ráyè ìyẹn? Ẹni tó ń lé owó ilé ìwé kiri, tó ń jí kí àkùkọ tó kọ, tó ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní àlọ àti ní àbọ̀, ta ni yóò ní kó wá jókòó kó máa wo ojú ọmọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú? Ohun tí mò ń wá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe, tí etí sì ṣí sílẹ̀.

Olùkọ́ ni mí. Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́, ìwé ìdánwò máa ń kún orí tábìlì débi pé a kì í rí ibi gbé abọ́ oúnjẹ kà. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo máa ń hun ìbọ̀sẹ̀. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé orí mi ti fẹ́ dàrú. Wọ́n ní ẹni tí kò ráyè sùn, kí ló fẹ́ fi ìbọ̀sẹ̀ híhun ṣe, nígbà tí wọ́n ń tà á ní dọ́sìn-dọ́sìn lọ́jà? Ìbéèrè gidi ni, mo sì máa dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀.

Àwọn ìyá wa àgbà kò ráyè jù wá lọ. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa lórí ìyẹn. Ẹni tó ń pọnmi lódò, tó ń gúnyán, tó ń lọ sóko, tó tún ń ná ọjà ọrọọrún, níbo ló ti fẹ́ rí àyè? Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń fi ìka ṣe lórí ẹní tàbí lórí àpótí. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń já ẹ̀fọ́, wọ́n ń pa èkùrọ́, wọ́n ń yọ kóró òwú, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, wọ́n ń ran án. Obìnrin tó ń ran òwú tí yóò fi hun kíjìpá kò ní láti gbójú lé e ní gbogbo ìgbà. Ìka rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà. Ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó yí i ká. Ìdí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti ń gbọ́ oríkì ilé baba rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti ń gbọ́ orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san.

Ibi tí èmi àti àwọn tó ń yin ayé àtijọ́ ti máa ń ní gbólóhùn asọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ọmọ kó nídìí ẹ̀gúsí ló dára. Ìdí ẹ̀gúsí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ẹni tí ìyá wa ò fẹ́ràn nínú àwọn ìyàwó ilé, tí àwa náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra fún àwọn ọmọ onítọ̀hún láìmọ ohun tí wọ́n ṣe. Etí àgbà ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kí ẹnu ọmọdé ṣí. Bí ọmọ bá dá sí ọ̀rọ̀, wọ́n á ní, “Ta ló bi ọ́?” Nítorí náà, bí mo bá ní ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà, kì í ṣe pé ká gbé gbogbo rẹ̀ padà wálé. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú níbẹ̀: ọmọ mọ ibi tó ti lè rí ìyá rẹ̀, ó sì mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń ṣe.

Ẹ wá wo tiwa. Ìwé ìdánwò tí mò ń máàkì dí etí. Ọkọ̀ wíwà nínú gòsílò dí etí. Fóònù ló wá burú jù. Ọmọ á pè wá, á tún pè wá, a ó sì dá a lóhùn pé “ẹn-ẹ́n” láìgbọ́ ohun tó sọ. Ó ti mọ̀ pé a ò gbọ́. Mo rò pé ohun tó ń dùn wọ́n ju àìgbọ́ yẹn lọ ni pé wọn ò lè mọ ohun tí à ń ṣe. Bóyá à ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá wa nílé, bóyá à ń dá ọ̀gá lóhùn, bóyá à ń wo fídíò òde ìyàwó ẹni tí a ò mọ̀ rí, bákan náà ni orí wa ṣe máa ń tẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí rí èèpo lápá kan, ó rí ẹ̀gúsí lápá kejì, ó sì lè fojú wọn ìgbà tí yóò tán. Kí ni ọmọ tiwa rí? Bí a bá ní “dúró ná, iṣẹ́ ni mò ń ṣe,” ó ní láti gbà wá gbọ́ ni. Ó sì ti gbọ́ tí a rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan nídìí iṣẹ́ ọ̀hún.

Ìdí nìyí tí mo fi padà sídìí òwú. Púpọ̀ nínú àwa ìyá ló ti fọwọ́ kàn án rí. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà iṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan nínú wa kọ́ ọ pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ méjì, nítorí pé owó abẹ́rẹ́ gidi kò sí nílé. Àwọn mìíràn tún gbé e nígbà oyún àkọ́bí: fìlà, súwẹ́tà kékeré, àti ìbọ̀sẹ̀ tó ní okùn lọ́rùn tí a ó so ní kókó. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń hun ti ìkókó, ẹ máa yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún un. Fọ́nrán òwú kan tó bá yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀ lè wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè kọjá, ìkókó kò sì lè sọ ohun tó ń ṣe é ju pé kó máa ké lọ.) Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti dé, a ó kó abẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ àpótí, ó di ìgbà oyún mìíràn.

Àwọn tí ìbọ̀sẹ̀ híhun jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn kò dúró de ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Láyé àtijọ́, ní àwọn erékùṣù Shetland, lókè Scotland, àwọn obìnrin máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn láti fi ru ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná bọ̀ wálé, abẹ́rẹ́ á sì wà lọ́wọ́ wọn: bí wọ́n ṣe ń rìn ni wọ́n ń hun. Ní abúlé Dent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ló ń hun ún, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á kóra jọ sí ilé ẹnì kan kí iná kan ṣoṣo lè tó gbogbo wọn, wọ́n á máa hun, wọ́n á máa pìtàn. Òtútù ló mú wọn ṣe é, àti àìlówó. Mi ò ní sọ ọ́ di eré. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mọ̀ nípa wọn, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni àgbàlá wa nílé, àti ẹ̀gúsí.

Ẹ̀yin tí ẹ bi mí pé ṣé kò sí lọ́jà ni, ó wà lọ́jà. Láti ọdún 1589 ni William Lee ti ṣe ẹ̀rọ tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ ní Calverton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà náà ni ọwọ́ ènìyàn kò sì ti lè yára tó ẹ̀rọ. Owó òwú tí mò ń rà fún ẹsẹ̀ méjì lè ju owó ìbọ̀sẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń wá bí yóò ṣe ṣọ́wó ná, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀kíríkà. Ti ọyẹ́ náà ni mo lè fi gbe ara mi lẹ́sẹ̀, nítorí ọyẹ́ kì í ṣàánú ẹsẹ̀ ọmọ láàárọ̀ kùtù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará wa tó wà ní London àti Manchester mọ ohun tí òtútù gidi ń jẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní tìtorí òtútù ni.

Ìbọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ kì í ṣe aláràbarà. Òwú aláwọ̀ kan ni, kò nípọn jù, kò fẹ́lẹ́ jù, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ márùn-ún tó ṣóńṣó lápá méjèèjì. Fún ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ojú 40 sábà máa ń tó. Ẹ ó pín in sórí abẹ́rẹ́ mẹ́rin, 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì máa fi ìkarùn-ún hun yípo. Ẹnu rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ hun, ojú méjì tó kọ síwájú, ojú méjì tó kọ sẹ́yìn, kó lè máa fà, kó sì di ẹsẹ̀ mú. Kó kéré díẹ̀ sí ẹsẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó ṣe, nítorí òwú tí a hun máa ń nà. Èyí tó bá ṣe rẹ́gí lórí tábìlì yóò ká jọ sínú bàtà. Bí ẹ bá ti hun ẹnu rẹ̀ tán, ojú iwájú nìkan ló kù, yípo yípo, títí yóò fi gùn tó bí ẹ ṣe fẹ́.

Yípo yípo yẹn ni mò ń torí rẹ̀ ṣe é. Kò sí nǹkan tí a ń kà níbẹ̀. Mo lè wo ìkòkò lórí iná, mo lè gbọ́ ìwé kíkà ọmọ, mo lè gbọ́ ìtàn gígùn tí kò lórí tí kò nídìí nípa ọ̀rẹ́ tó gba rúlà tí kò dá a padà. Bí iná bá lọ, ìka á ṣì máa bá a lọ nínú òkùnkùn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n hun dáadáa máa ń fẹ́ kí n gbìyànjú àràbarà, èyí tó ní ewé àti ìdìpọ̀ bí irun dídì. Mo ti rí wọn, wọ́n rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ojú “méjì, mẹ́ta, fo ọ̀kan” kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń tẹ fóònù. Á na ọwọ́ sí ọmọ pé kó dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìsinmi ọkàn lẹ ń wá, ẹ hun àràbarà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kí ẹ má pè é ní ìgbà tí ẹ fi jókòó ti ọmọ.

Ibì kan wà nínú ìbọ̀sẹ̀ lásán náà tó gba ìdákẹ́jẹ́, ibi gìgísẹ̀. Ojú 20, ìyẹn ìdajì, ni a fi ń hun ẹ̀yìn rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó máa yí padà kí ìlà tó tán, a ó máa so ojú méjì pọ̀ di ọ̀kan, títí yóò fi tẹ̀ kòtò bí gìgísẹ̀ ṣe rí. A ó ṣa ojú tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, a ó sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi padà di 40. Bí a bá ṣi kíkà, gìgísẹ̀ á wọ́. Àwọn ọmọ tèmi ti mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ní “gìgísẹ̀ ni mo wà o,” wọ́n á dákẹ́, tàbí kí wọ́n dìde lọ ṣeré, wọ́n á sì padà wá bi mí bóyá mo ti kúrò níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé wọn kì í bínú sí i. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń bínú bí a bá ní “dúró ná” nídìí fóònù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ti gìgísẹ̀ ní ìpẹ̀kun tí wọ́n lè fojú rí; ti fóònù, a kì í mọ ìpẹ̀kun rẹ̀ àwa alára.

Nǹkan mìíràn tí wọ́n ń wò, tí a ò mọ̀ pé wọ́n ń wò, ni bí a ṣe ń tú iṣẹ́. Ojú kan á já bọ́ nísàlẹ̀, a ò ní tètè rí i, a ó ti hun ìlà mẹ́wàá lé e lórí. Kí là ń ṣe? A ó fa òwú, a ó tú u, a ó tún un hun. A kì í gbá òwú létí. A kì í bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé. Ọwọ́ kan náà yìí, bí ọmọ bá ṣi ìṣirò ìdá kan nínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, ó ti na pàṣán kí ọmọ tó ṣàlàyé bó ṣe dé ìdáhùn ọ̀hún. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ yìí, mo rí i lójú àwọn ọmọ tó ń wá sí kíláàsì: bí pẹ́ńsùlù wọn bá ti ṣì, wọn á fi ìka bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa wo ojú mi. Ilé ni wọ́n ti gbé ìbẹ̀rù yẹn wá, òbí tó sì fẹ́ kí wọ́n là ló fi kọ́ wọn. Ṣé a lè fi sùúrù tí a ní fún òwú ṣe ìṣirò pẹ̀lú wọn? Ó yẹ kó rọrùn. Kò rọrùn, nítorí a kò retí pé kí òwú di dókítà.

Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́? Nílé ìwé wa nígbà náà, bí àwa obìnrin bá ti gbé òwú, àwọn ọkùnrin á gba ìdí ìgbálẹ̀ àti igi ọkọ́ lọ. Títí di òní, bí ọmọkùnrin bá fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mi, àlejò kan á ní, “Ṣé obìnrin ni ẹ́?” Ta ni wọ́n ń sọ ọ́ fún? Ní Ìsẹ́yìn, ọkùnrin ló sábà máa ń jókòó sídìí òfì tó ń hun aṣọ òkè tí a fi ń yan lóde. Ọ̀pọ̀ télọ̀ àdúgbò wa, ọkùnrin ni. Ní erékùṣù Taquile, lórí adágún Titicaca ní orílẹ̀-èdè Peru, ọkùnrin ló ń fi abẹ́rẹ́ hun fìlà, láti kékeré ni ọmọkùnrin sì ti ń kọ́ ọ. Obìnrin náà ń jókòó sídìí òfì níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń pín iṣẹ́ bó ṣe wù wọ́n, tí wọ́n á wá sọ pé Ọlọ́run ló pín in. Ọmọkùnrin tí kò ní iṣẹ́ kankan tó lè fi ọwọ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tàbí bàbá rẹ̀, fóònù ni yóò gbà á lálejò.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ń bàlágà ló wá jẹ mí lógún jù. Wọn kì í fẹ́ jókòó tì wá mọ́. A ti kọ́ wọn láti kékeré pé ọmọ kì í wo àgbà lójú kòrókòró. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá pè wọ́n sí pálọ̀: “Jókòó. Gbójú sókè. Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé ìwé?” Báwo la ṣe fẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde? Ṣùgbọ́n bí ojú mi bá wà lára òwú, tí ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀wà tó ń ṣà tàbí aṣọ tó ń ká, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kankan lójú. Ọ̀rọ̀ á jáde láti ẹ̀gbẹ́, ní kékeré, bí ẹni tí kò ní nǹkan í sọ. Ẹ má sọ abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Mo ti kíyè sí i pé bí òbí bá ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀ tó kọjú sí ọmọ pé “Kí lo wí?”, ọmọ á ní “Kò sí nǹkan kan.” Ẹ máa hun lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá burú, ẹ ṣì máa hun lọ, títí yóò fi sọ ọ́ tán.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ òwú? Rárá o. Bàbá tó ń tún fáànù ṣe, tó ń jẹ́ kí ọmọ bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú, ohun kan náà ló ń ṣe, bí kò bá ti máa pariwo mọ́ tọ́ọ̀ṣì. Ìyá tó ń já ẹ̀fọ́ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ṣì ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé. Ohun tí òwú fi dára fún èmi ni pé ó wọ inú báàgì, ó ń bá mi dúró lórí ìlà ní bánkì àti nílé ìwòsàn, kì í bàjẹ́ bí mo bá gbé e sílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ń sunkún.

Ẹni tí gìgísẹ̀ bá ń dẹ́rù bà, tàbí tí àsìkò rẹ̀ le débi pé kò lè ka ojú kankan, ìbọ̀sẹ̀ kan wà tí kò ní gìgísẹ̀ rárá. Ojú méjì síwájú, ojú méjì sẹ́yìn náà ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìlà mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ ó sún ìtò náà síwájú ní ojú kan, kó lè máa lọ́ yí ẹsẹ̀ ká. Bí ó bá ti tó ẹsẹ̀, ẹ ó máa dín ojú kù ní ìlà mélòó kan títí yóò fi ku ìwọ̀nba, ẹ ó fa òwú gba inú wọn, ẹ ó so ó. Ibi tí gìgísẹ̀ bá bọ́ sí ló máa gbà á. Bí ọmọ ń dàgbà, kò sí gìgísẹ̀ tí yóò kúrò ní àyè rẹ̀, ó sì lè máa yí i bó ṣe ń wọ̀ ọ́ kí ibì kan ṣoṣo má baà tètè lu. Èyí ni mo máa ń hun bí ìwé ìdánwò bá pọ̀ jù, nítorí kò sí ibi tí mo ti ní láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé gìgísẹ̀ ni mo wà.